Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ dé Murano

Yúrò 45 ni mo san fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ mẹ́ta ní Venice, ìlú orí omi ní Ítálì, mo sì wọ ọkọ̀ náà débi pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń so okùn rẹ̀ mọ́ èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Nínú gbogbo owó tí mo ná nílùú yẹn, kò sí èyí tí mo jẹ èrè rẹ̀ tó o. Yúrò 38 kan sì wà tó ń dùn mí títí di òní. N ó dé orí ìyẹn.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń ṣe. Peckham ní London ni mò ń gbé, bí ẹ bá sì lọ sí ìgbéyàwó ọmọ Yorùbá níhà ibí, tí ẹ rí ìyàwó tí ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn rẹ̀ dé àyà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ti jáde. Ọmọ Ẹfọ̀n-Alààyè ni mí, ìlú tí àwọn ọba ti ń wá ṣe adé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà lára àwọn tó ń ṣe é, Bàbá Aládé la máa ń pè é. Inú agolo Bọ̀nfítà ló ń kó ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí, àwọ̀ kan sí agolo kan, ọmọ tó bá sì da méjì pọ̀ yóò ṣà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ṣà á rí. Nígbà tí mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń rí i, ó ní, “Òkè òkun,” ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá ní kí n mú ibi tó bá wù mí fún ọjọ́ ìbí mi, tí mo ní Venice nítorí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ibẹ̀, òun rò pé gondola, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà níbẹ̀, ló ń pè mí.

Oṣù kọkànlá la lọ, nígbà tí èrò ti fà sẹ́yìn. Láti 2024, ẹni tó bá wọ̀lú láàárọ̀ tó fẹ́ padà nírọ̀lẹ́, ìlú náà máa ń gba owó ẹnubodè lọ́wọ́ rẹ̀ láwọn ọjọ́ tí èrò bá ń wọ́. Àwa tí a sùn síbẹ̀, owó àlejò ni òtẹ́ẹ̀lì fi kún tiwa. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti pápákọ̀ òfuurufú gba orí afárá gígùn kan tó la ọ̀sà kọjá, ọmọ mi sì pariwo pé, “Mọ́mì, Third Mainland!” Ó jọ ọ́ lóòótọ́, àfi pé tiwọn kò tó kìlómítà mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó ń ta gàlá lórí rẹ̀. Piazzale Roma ni bọ́ọ̀sì dúró sí. Ibẹ̀ ni táyà parí sí pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ tàbí omi.

Vaporetto ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ èrò ni, mólúè orí omi. Nọ́ńbà 1 ni kí ẹ wọ̀, láti Piazzale Roma gan-an, kí ẹ lè rí ìjókòó. Gbogbo ìdíkọ̀ ló ń yà sí lójú Canal Grande, ọ̀nà omi ńlá tó lọ́ bí ejò láàárín ìlú, ó sì ń lọ títí dé erékùṣù Lido. Ẹni tó bá ń kánjú kó wọ nọ́ńbà 2. Àwa ò kánjú.

Ohun tó mú mi lójú jù ni bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀. Ìdíkọ̀ náà fúnra rẹ̀ léfòó ni, ó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Bí ọkọ̀ bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á ju okùn, á fi kọ́ irin èbúté, á yí ìdí rẹ̀ mọ́ irin tó wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ á fà á, okùn á ké kẹ̀ẹ̀ẹ̀, gbogbo nǹkan á wá dúró jẹ́ẹ́. Irin ẹnu ọ̀nà á ṣí, àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń wọlé á wọlé, okùn á tú, ó di ibòmíràn. Obìnrin kan wà lára wọn, irun rẹ̀ ti funfun, kì í tilẹ̀ẹ́ wo okùn tó bá ń jù ú. Òun ló ń kí mi. Èmi náà kì í wo abẹ́rẹ́ tí mo bá ń sín ìlẹ̀kẹ̀, bóyá ohun tó jẹ́ kí n máa wò ó nìyẹn.

Láti orí ìjókòó yẹn lẹ ti máa rí bí ìlú ṣe ń jẹun, tó ń ya ìgbẹ́. Mo rí ọkọ̀ tó kó pàǹtí, mo rí èyí tó kó ẹ̀rọ ìfọṣọ àti mátírẹ́ẹ̀sì, mo rí ti ọlọ́pàá, mo rí èyí tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn tó ń ké fáà. Òkú pàápàá, ọkọ̀ ló ń gbé e lọ sí San Michele, erékùṣù tí wọ́n fi ṣe itẹ́ òkú. Ẹ sáà rántí pé kí ẹ tó wọlé, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ tó wà ní ìdíkọ̀ kó dún, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, yúrò 9.50 ni fún ìṣẹ́jú 75. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ti ọjọ́ mẹ́ta ti gbè yín.

Àwọn ilé tó wà lọ́tùn-ún lósì yẹn, orí igi ni wọ́n dúró. Wọ́n gún igi wọnú ẹrẹ̀ ọ̀sà, wọ́n kó wọn pọ̀ gbágbáágbá, kí wọ́n tó to pákó àti òkúta lé wọn. Igi náà kò jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ibi tó wà. Ṣọ́ọ̀ṣì Salute tí wọ́n kọ́ nítorí àjàkálẹ̀ àrùn 1630 sí 1631, wọ́n ní igi abẹ́ rẹ̀ nìkan lé ní mílíọ̀nù kan. Makoko ló sọ sí mi lọ́kàn. Igi lábẹ́ ilé, omi lábẹ́ igi, ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa pe Makoko ní Venice ilẹ̀ Áfíríkà, mi ò sì gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan pe Venice ní Makoko ilẹ̀ Yúróòpù. Ilé ìwé tó léfòó tí Kunlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀ fún Makoko, wọ́n to irú rẹ̀ kan sí Venice ní 2016 fún àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni èyí tó wà ní Makoko gan-an wó lẹ́yìn òjò ńlá. Mo ń sọ ọ́ lásán ni.

Omi kò kún nígbà tí a wà níbẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ń rìn bí omi bá bo ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n tò ó lé ara wọn bí tábìlì àríyá. Ní oṣù kọkànlá 2019 omi ga dé sẹ̀ǹtímítà 187, àmọ́ láti 2020 ni wọ́n ti ń gbé àwọn ìlẹ̀kùn irin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MOSE dìde lẹ́nu ibi tí òkun ti ń wọ ọ̀sà.

Ní ti gondola, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ kíákíá. Yúrò 90 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀sán, owó tí ìjọba ìlú fi lé e ni, ọkọ̀ odindi ni wọ́n sì ń san án fún, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Èèyàn márùn-ún lè pín in. Àwa méjì la wà. Mo ní rárá. A lọ wọ traghetto, gondola tí àwọn ará ìlú fi ń sọdá Canal Grande níbi tí afárá bá ti jìnnà, yúrò méjì péré, o dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ, kó o tó kígbe o ti dé òdì kejì. Ọmọ mi ní ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Lójú tèmi ó jẹ́. Ẹ tún gba San Trovaso kọjá, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń kan gondola. Ọkọ̀ náà kò gún régé o: ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ọ̀tún lọ, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi àjẹ̀ wà á láti apá ọ̀tún, bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, ńṣe ni yóò máa yí po.

Ẹni tó bá fẹ́ rí gondola tó dùn ún wò kó lọ sí Accademia, ilé àwòrán wọn, kó wá àwòrán tí Vittore Carpaccio yà ní nǹkan bí 1496. Afárá Rialto wà níbẹ̀, ti onípákó, nítorí pé olókùúta tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ báyìí, 1591 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Lójú omi níwájú, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń wa gondola, ó wọṣọ dáadáa, ó dúró bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí ọmọ mi fi lọ mu kọfí tó padà wá.

Ọ̀rọ̀ Murano, erékùṣù tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì, wá kàn. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní kí a má da ara wa láàmú, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kan wà tó máa gbé wa lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì. Ọ̀fẹ́! Ó yẹ kí n ti mọ̀, alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Wọ́n gbé wa lọ lóòótọ́, ọkùnrin kan fi ẹ̀mú fa ẹsẹ̀ àti gọ̀gọ̀ ẹṣin jáde láti ara gíláàsì gbígbóná, kò tó ìṣẹ́jú méjì, a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n darí wa gòkè lọ sí yàrá tí àwo omi kan ti ń jẹ́ yúrò 400. Ẹni tó ń tà á ń tẹ̀ lé mi bí òjìji. Nígbà tí mo ní n ò rà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó sì fi ọ̀nà àbájáde hàn wá. Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó gbé wa wá, a ò rí i mọ́. Vaporetto ló kó wa lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá ná yúrò 38. Ó ti rẹ̀ mí, a ń gba ẹ̀yìn San Marco bọ̀, iná ṣọ́ọ̀bù kan ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì sára ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan, “Murano” wà lára bébà rẹ̀, mo sì sanwó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo gbé e sójú fèrèsé. Ìlà kan là lára ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ihò dé ihò, bí ojú ìsopọ̀ ike. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Irú rẹ̀ gan-an wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì mi ní Peckham, kílò kílò ni mo máa ń rà á láti Ṣáínà. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún! Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ojúlówó, àmì kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà àti ọjà, “Vetro Artistico Murano”. Ẹ wá a, kí ẹ sì rà á lójú ọ̀sán.

Ọjọ́ kejì a padà lọ, a fi tíkẹ́ẹ̀tì tiwa wọ ọkọ̀, a sì lọ tààrà sí Museo del Vetro, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gíláàsì. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ náwó sí. Ààfin àwọn bíṣọ́ọ̀bù Torcello nígbà kan ni, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1861. Ife ìgbéyàwó aláwọ̀ aró kan wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún 15 tí àwọn èèyàn ń dúró wò. Èmi ò pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ni mo lọ.

Ẹ mọ ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń pè ní chevron, aró, funfun àti pupa, tí ìràwọ̀ wà létí ihò rẹ̀? Ibí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 15, wọ́n sì ní obìnrin ni, Marietta Barovier, ọmọ oníṣẹ́ gíláàsì. Wọ́n á fi irin gígùn bu gíláàsì tó yọ́ bí oyin, wọ́n á dá ihò sáàárín rẹ̀, wọ́n á tì í bọ inú irin tí inú rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, wọ́n á fi àwọ̀ mìíràn bò ó, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi di ìpele méje. Lẹ́yìn náà ọkùnrin méjì á mú un lórí mú un nídìí, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, gíláàsì á sì nà láàárín wọn di ọ̀pá gígùn. Bí wọ́n bá gé ọ̀pá náà tí wọ́n lọ etí rẹ̀, ìràwọ̀ yọ.

Ọ̀nà kan náà ni ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ń gbà, irú ti inú agolo Bàbá Aládé, àfi pé ọ̀pá tirẹ̀ tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́ tán, etí rẹ̀ á mú, á máa já òwú. Wọ́n á wá fi èédú kíkúnná àti ẹfun kún ihò rẹ̀, kí iná má baà pa ihò náà dé, wọ́n á máa yí i nínú ooru títí etí rẹ̀ á fi kúnná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ti abẹ́rẹ́ bọ ihò yẹn. Mi ò bi ara mi rí ẹni tó dá a sí.

Ohun kan ṣì wà. Ní 1291 ni ìjọba Venice pàṣẹ pé kí gbogbo iná ìléru gíláàsì kó lọ sí Murano, nítorí ẹ̀rù pé iná lè jó ìlú. Mo ka ọdún yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ọmọ mi, mo ní, “Wò ó, ní 1291, iná ń jó ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀.” Kò gbà mí gbọ́, ó fi fóònù rẹ̀ wá a. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú ìkòkò ìyọ́-gíláàsì níbẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀, láti ọ̀rúndún 11 sí 15; wọ́n yẹ èròjà rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe gíláàsì àjèjì tí wọ́n tún yọ́, àwọn ará ibẹ̀ ló ṣe é láti inú ilẹ̀ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ òyìnbó tó bo adé láti òkè délẹ̀, ọ̀rúndún 19 ló wọlé rẹpẹtẹ. Nítorí náà, “òkè òkun” tí Bàbá Aládé wí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, bóyá òun náà kò mọ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀ tí a fi rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí obìnrin kan jókòó nídìí iná, ó ń we gíláàsì mọ́ wáyà, ó ń yí i, ìlẹ̀kẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó pè wá wọlé. Mo yọ okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan láti inú báàgì mi, aláwọ̀ ewé àti pupa, ohun tó kù nínú agolo lẹ́yìn ikú Bàbá Aládé. Ó pa iná rẹ̀. Ó fi dígí amúǹkantóbi wò ó pẹ́. Ọmọ mi ló ń fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Obìnrin náà ní “conteria” ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ó lè jẹ́ ti ibí, ó lè jẹ́ ti Bohemia ní ilẹ̀ Czech, òun ò lè fi ojú lásán búra. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ì bá ti búra.

Ó ní ìyá ìyá òun ń sín in. Àwọn obìnrin Venice tó ń ṣe é nígbà náà, impiraresse ni wọ́n ń jẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ń jókòó sí, pẹpẹ pákó lórí itan, abẹ́rẹ́ gígùn púpọ̀ lọ́wọ́ kan. Ó na ìka rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ó fi wọ́ inú afẹ́fẹ́ láti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo abẹ́rẹ́ bu ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní tiwa ní Ẹfọ̀n, abẹ́rẹ́ kan, nítorí pé ara aṣọ la ń rán an mọ́, ojú tí a fẹ́ yọ lára adé kò gba ìkánjú. Ó bi mí pé ṣé owó gidi ni wọ́n ń san fún wa. Mo bi í pé ìyá ìyá rẹ̀ ńkọ́. Àwa méjèèjì mirí. Yúrò 60 ni mo fi ra mẹ́fà lára ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, n ò sì dúnàádúrà, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi.

Oúnjẹ: ẹ jìnnà sí ibi tí wọ́n bá ti ń pe yín láti ẹnu ọ̀nà. Ibì kan gba owó ìjókòó lọ́wọ́ wa kí a tó fọwọ́ kan ṣíbí. Àwọn ilé ọtí kéékèèké tí àwọn ará ìlú ń dúró jẹun sí ló dáa, wọ́n ń to oúnjẹ lé búrẹ́dì kékeré. Wọ́n gbé ohun funfun kan fún mi, baccalà mantecato, mo fi sẹ́nu, mo wo ọmọ mi, òun náà wò mí. Okporoko ni! Ẹja gbígbẹ láti Norway, èyí tí wọ́n ń tà ní Peckham, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sì fi òróró lù ú títí ó fi dà bí ọṣẹ ìpara. Orí polenta ni wọ́n gbé òmíràn lé. Àgbàdo ni polenta, ẹ̀kọ tó le ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀, kí ẹ má sì gbé àpótí ńlá. Afárá tó lé ní 400 ló wà nílùú náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àtẹ̀gùn, orúnkún mi sì ka gbogbo èyí tí mo gùn. Ìràwọ̀ márùn-ún fún ọkọ̀ nọ́ńbà 1, márùn-ún fún Museo del Vetro, òdo fún ọkọ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ mi ṣì ń sọ pé mo jẹ òun ní gondola. Mo ti ní kó wá ọkọ tó máa gbé e wọ ọkọ̀ yẹn.